Fọ́tò Ìyàwó Tó Rẹ́rìn-ín

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé èmi àti àbúrò mi níyàwó. Bàbá kan ló bí wa, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá mi ni ìyáálé, ìyá rẹ̀ ni ìyàwó kejì. Àgọ́-Àrẹ ni ilé wa. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wa, ó sì sọ pé òun kò lè pe àlejò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni wọ́n so yìgì wa pọ̀: èmi fún olùkọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, òun fún awakọ̀ kan ní Ṣakí.

Ní ìlú wa láyé ìgbà náà, ìyàwó tó bá níyì gbọ́dọ̀ sunkún. Kì í ṣe ẹkún lásán. Ẹkún ìyàwó ní ohùn, ó ní ọ̀rọ̀, a sì máa ń sun ún kiri ilé, lọ́dọ̀ bàbá, lọ́dọ̀ ìyá, lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wò wá dàgbà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ tèmi lẹ́nu ìyá bàbá mi. Nígbà tí mo sun ún dé iwájú bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin tí n kò rí omi lójú rẹ̀ rí fi etí agbádá nu ojú. Àwọn obìnrin ilé pariwo.

"Ọmọ yìí mọ ẹkún sun o! Ọmọ ìyáálé ni lóòótọ́!"

Àbúrò mi kò mọ̀ ọ́n sun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbàgbé ọ̀rọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "O fẹ́ dójú tì mí ni?" Mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn. N kò ní purọ́.

Ìgbà náà ni onífọ́tò dé láti Ṣakí lórí alùpùpù, eruku ti bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ní kí ìyàwó àgbà kọ́kọ́ wá. Ojú mi ti wú, imú mi ti pọ́n.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyàwó."

Mo mi orí. Ìyàwó wo ló ń rẹ́rìn-ín níwájú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń fi ilé sílẹ̀? Mo fa ìborùn bojú, ó yà mí bẹ́ẹ̀. Ó pe àbúrò mi, ó ní kí òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gbé orí sókè, ó sì rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn gbangba. Gbogbo àgbàlá dákẹ́ fẹ́ẹ́. Fọ́tò kan péré ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ tí onífọ́tò fi gbé ti àbúrò mi sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítòsí gáréèjì Ṣakí. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìyàwó tuntun á nàka sí i: "Bí eléyìí ni kí ẹ ṣe yà mí." Ọkọ mi náà lọ sí Ṣakí, ó dé, ó ní, "Mo rí fọ́tò àbúrò rẹ. Ọmọ náà mà rẹwà o."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tìrẹ? Ó wà nínú àpótí. O jọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀."

Mo fara da ìyẹn. Èyí tí n kò lè fara dà dé lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di akọ̀ròyìn ní Ìbàdàn, tí bíbi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ ti di iṣẹ́ mi. Mo lọ sílé fún Iléyá, mo bi ìyá arúgbó kan nínú ilé wa bóyá ó rántí ìgbéyàwó wa. Òun ló pariwo jù lọ nígbà tí mo sunkún.

"Ọjọ́ tí ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín! Ta ni yóò gbàgbé?"

"Èmi ńkọ́, Màmá?"

Ó wò mí títí. "Ìwọ? Ṣé ìwọ náà wà nílé lọ́jọ́ náà ni?"

N kò lè jẹ ẹran Iléyá mọ́. Fọ́tò kan ti gba ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ́wọ́ mi.

Ní òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì ká òrùlé àbúrò mi, omi sì ba fọ́tò náà tó gbé kọ́ sára ògiri jẹ́. Oòrùn ti mú kí èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ṣá. Mo wá kí i nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí yóò jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan rí. Ẹ bá mi bi onífọ́tò bóyá fíìmù rẹ̀ ṣì wà, kí wọ́n fọ òmíràn. Àwọn ọmọ mi ń béèrè rẹ̀."

Onífọ́tò ti darúgbó. Ó gbé agolo ńlá kan fún mi, fíìmù kún inú rẹ̀. "Ẹ tú u fúnra yín. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́." Inú àpò bébà kan ṣoṣo ni mo ti rí ti àwa méjèèjì. Mo gbé tirẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Nínú fíìmù, ohun funfun a máa dúdú: eyín rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó dùn mọ́ mi nínú.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí tèmi," ni mo wí, mo sì ti méjèèjì sínú báàgì.

Mo padà dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, mo ní fíìmù náà ti sọnù. Ó ní, "Kò burú. Ẹ ṣé é." Ó wá pe àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì. "Ẹ wá jókòó ti màmá yín. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ sísọ sì niṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn bí mo ṣe rí."

Gbólóhùn méjì ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Mo sọ aṣọ àrán rẹ̀, mo sọ làálì ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ bí ẹ̀rín náà ṣe dé àti bí àgbàlá ṣe dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé mo yọjú lábẹ́ ìborùn mi, mo wo bàbá wa, mo sì rí i tó yíjú sí ògiri, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín. Ọkùnrin tí mo ti mú sunkún, àbúrò mi ti mú un rẹ́rìn-ín.

"Bàbá rẹ́rìn-ín?" Ó gbé ọmọ kúrò lọ́yàn. "Oṣù mẹ́fà ni ìyá mi ò fi yọjú sí mi nítorí ẹ̀rín yẹn. Àwọn ará ilé ọkọ mi ń pè mí ní ìyàwó aláìnítìjú. Mo rò pé bàbá náà bínú sí mi títí ó fi kú ni."

Mo yọ fíìmù náà jáde, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

Ó gbé e sókè sí ẹnu ọ̀nà, ó wò ó, ó wò mí.

"Olè! Ẹ̀gbọ́n mi, olè paraku ni yín!" Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ ọwọ́ fi bú sẹ́kún.

Bí mo bá ní owú náà tán níbẹ̀, irọ́ ni mo pa. Ó fọ mẹ́ta, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn. Ó wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi, ojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. N kò tíì gbé e kọ́.