Obìnrin Tí Wọ́n Sọ Ní Lánàá

Abọ́sẹ̀dé ga, ó dúdú, ọrùn rẹ̀ sì gùn débi pé àwọn ará ilé wọn ní Mushin máa ń bi í bóyá ohun tó ń lọ lójúlé kejì ló fẹ́ yọjú wò. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó sì ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Yàrá kan ni tìyátọmọ ń gbé, nínú ilé tó ní yàrá mẹ́rìnlá àti ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, níbi téèyàn ti máa ń gbọ́ èébú kó tó gbọ́ ẹ kú àárọ̀.

Iṣẹ́ mọ́dẹ̀lì ló ń ṣe. Lọ́dún 1978 tí mò ń wí yìí, kò rọrùn fún ìyá kan ní Mushin láti ṣàlàyé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún aládùúgbò. Wọ́n á ní, "Kí lọmọ yín ń tà?" Ìyá Abọ́sẹ̀dé á ní, "Kì í ta nǹkan kan. Aṣọ ló ń wọ̀." Wọ́n á ní, "Ṣé ìhòòhò làwa ń rìn ni?" Ẹ̀rín á sọ.

Ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Surulere, Àǹtí Mabel, ló ti ń ṣiṣẹ́ náà. Àwọn ìyàwó ọ̀gá ìjọba àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ti Ìlú Òyìnbó dé ni oníbàárà ibẹ̀. Tí Àǹtí Mabel bá gé aṣọ tuntun, ara Abọ́sẹ̀dé ló ń tò ó mọ́. Abọ́sẹ̀dé á dúró láti aago mẹ́sàn-án títí oòrùn á fi kan àtàrí. Kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ mu omi kí ikùn rẹ̀ má baà yọ. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un tó sì kígbe, Àǹtí Mabel á ní, "Ta ló gbọ́ ọ rí pé igi ń pariwo?" Àmọ́ tí ọjọ́ àfihàn aṣọ bá pé, tí Abọ́sẹ̀dé bá jáde sí àárín gbọ̀ngàn, gbogbo ẹnu á pa mọ́. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n rìn. Kì í kánjú, kì í rẹ́rìn-ín, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà á ní aṣọ yẹn gan-an làwọn ń fẹ́, wọn ò sì ní béèrè orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin yẹn ló ń gbé e ró láti oṣù dé oṣù.

Onífọ́tò kan wà ní Yaba tó ń jẹ́ Theophilus. Òun ló máa ń ya fọ́tò fún Àǹtí Mabel. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, ó ní kí Abọ́sẹ̀dé wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá ojú tó dára.

"Ilé-iṣẹ́ kí ni, Bọ̀dá Theo?"

"Ìpara ni wọ́n ń ṣe. Ìpara Òwúrọ̀. Gbogbo Èkó ló máa rí ẹ."

Nígbà tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yé e mọ́. Theophilus ní kó bọ́ yẹtí, kó nu àtíkè ojú rẹ̀ kúrò, kó tú irun rẹ̀ sílẹ̀ láìyà á. Aṣọ aláwọ̀ eérú kan tó ti gbó ló fún un wọ̀. Ó gbé iná sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ní kó má rẹ́rìn-ín o, kó máa ro ohun tó bà á nínú jẹ́.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń polówó ìpara?"

"Ìwọ ṣáà dúró. Bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ ni wọ́n fẹ́ rí ẹ."

Ó dúró. Kó tó kúrò níbẹ̀, Theophilus gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Ìlà méjì péré ló kà tí onífọ́tò ti ń fi ìka lu tábìlì pé èèyàn ń dúró de òun níta. Ó bá fọwọ́ sí i.

Oṣù kan ò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà láti wọ ọkọ̀ Mushin, ó sì rí i táwọn èèyàn ń wo ògiri kan. Àwòrán ńlá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ojú obìnrin méjì sì ni. Ojú apá òsì, tirẹ̀ ni. Wọ́n ti fi yíǹkì kùn ún sí i, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹyinjú rẹ̀ rí bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Ojú apá ọ̀tún, ti Fúnlọ́lá ni, ọmọbìnrin pupa kan tí òun náà ń wọ aṣọ fún Àǹtí Mabel. Fúnlọ́lá wé gèlè, ó fi yẹtí wúrà sétí, ó ń rẹ́rìn-ín. Lókè orí Abọ́sẹ̀dé, wọ́n kọ LÁNÀÁ. Lókè orí Fúnlọ́lá, wọ́n kọ LÓNÌÍ. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ìpara Òwúrọ̀. Má ṣe dúró sí àná.

Kó tó rí ọ̀nà yí padà, ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ti wò ó, ó tún wo ògiri, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó o! Lánàá fúnra ẹ̀ ló dúró síbí yìí!"

Kọ́ńdọ́kítọ̀ kan gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Sista Lánàá! Wọlé, ká gbé ẹ dé Lónìí!"

Ẹ̀rín yẹn sìn ín dé inú ọkọ̀.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ìyá Saidat, ìyàwó onílé, ti gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. "Ẹ kúuṣẹ́ o, Lánàá," ló wí. "Iṣẹ́ yín ti wá yé wa báyìí." Abọ́sẹ̀dé wọ yàrá lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ẹnì kan ti lẹ ọ̀kan nínú àwòrán náà mọ́ ara ilẹ̀kùn ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó sì fi bírò kọ orúkọ ìyá sábẹ́ rẹ̀. Ìyá kò bínú sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Ara mi lo ti mú àwọ̀ yẹn, Bọ́sẹ̀. Èmi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Abọ́sẹ̀dé ju gbogbo ariwo Ojúẹlẹ́gbà lọ.

Ó ní àfẹ́sọ́nà kan, Túbọ̀sún, akọ̀wé báńkì. Wọ́n ti jọ wà fún ọdún méjì, wọ́n sì ti sọ ọ́ pé nínú oṣù Kejìlá, àwọn èèyàn rẹ̀ á wá rí ìyá Abọ́sẹ̀dé. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Túbọ̀sún wá kí i, ó mú nǹkan kan dání tó fi bébà ìròyìn wé. Abọ́sẹ̀dé tú u. Agolo Ìpara Òwúrọ̀ ni.

"Má bínú, Bọ́sẹ̀. Ṣáà dán an wò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti rí àwòrán yẹn. Wọ́n ń bi mí pé ṣé ẹni tí mo fẹ́ mú wálé nìyẹn."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní wọ́n máa tó rí ìyàtọ̀."

Abọ́sẹ̀dé ṣí agolo náà, ó fi ìka mẹ́rin wa ìpara inú rẹ̀, ó sì rọra fi kun ẹ̀wù funfun tí Túbọ̀sún wọ̀, láti ọrùn títí dé ìgbànú, bí ẹni ń kun ilé.

"Èmi náà ti rí ìyàtọ̀," ló wí. "Máa lọ."

Túbọ̀sún lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ní ọjọ́ Monday, nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Fúnlọ́lá ló bá tó dúró sáàárín ilé, tí wọ́n ń to aṣọ Àjíǹde mọ́ lára. Àǹtí Mabel kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló fẹ́ ra aṣọ lára Lánàá? Lọ sẹ́yìn, kí o máa bá wọn gé òwú."

"Fúnlọ́lá," ni Abọ́sẹ̀dé wí, "ìgbà wo lo ti ń lo ìpara yẹn?"

Fúnlọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ìpara wo? Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí. Ìyá mi pupa, ìyá tó bí i náà pupa. Kí ni mo fẹ́ fi ìpara ṣe?"

"O sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló na ìbọn sí ẹ? Ìwọ náà fọwọ́ sí i."

Abọ́sẹ̀dé kò lọ gé òwú. Yaba ló gbà lọ, ó bá Theophilus níbi tó ti ń sá fọ́tò sórí okùn. Ó ní kí ló dé tó fi ṣe òun bẹ́ẹ̀. Theophilus kò wo ojú rẹ̀. "Mo lè yà ẹ́ bí olorì, mo lè yà ẹ́ bí alágbe. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló ń sọ èyí tó fẹ́. Tó bá dùn ẹ́, wá ní Sátidé, ọ̀gá wọn ń bọ̀ wá pàtẹ lójú títì níbí. Lọ bá a jà."

Ẹ̀gàn ló fi sọ ọ́. Abọ́sẹ̀dé gbà á gẹ́gẹ́ bí ìpè.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, ó dìrun ní ṣùkú, ó lé tìróò, ó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nígbà tó dé Yaba, wọ́n ti gbé pèpéle kalẹ̀, agolo ìpara pọ̀ lórí tábìlì bí òkìtì. Ọkùnrin kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó. Fúnlọ́lá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń juwọ́, àwọn obìnrin sì ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i. Abọ́sẹ̀dé gba àárín wọn kọjá bó ṣe máa ń rìn ní gbọ̀ngàn, wọ́n yà fún un láìmọ ìdí tí wọ́n fi ń yà. Ó gun pèpéle.

"Ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni Lánàá. Mi ò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ ní mo rẹwà, ojú wà lágbárí yín. Ìbéèrè kan ni mo wá bi Lónìí." Ó yíjú sí i. "Fúnlọ́lá, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìpara yìí, báwo lo ṣe dúdú tó?"

"Ẹ má dá a lóhùn, orí ẹ̀ ti dàrú!" ni ọkùnrin ẹlẹ́rọ kígbe. Ó di apá aṣọ Abọ́sẹ̀dé mú, ó fà á ya.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan nísàlẹ̀ ti sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó dáhùn." Òmíràn náà ní, "Dáhùn!" Ló bá di ohùn gbogbo ọjà. Fúnlọ́lá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀.

"Wọ́n bí mi báyìí ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹ̀rọ gbé e.

Àfi bí ẹni da omi gbígbóná sínú ìtẹ́ èèrà. Obìnrin àkọ́kọ́ yẹn pariwo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọmọ òun ti ń fi para, pé awọ ojú rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n dojú tábìlì dé. Agolo ń fò lókè. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ sá wọ inú mọ́tò. Nígbà tí wọn ò rí ọ̀gá mú, wọ́n mú Fúnlọ́lá. Wọ́n já gèlè rẹ̀, wọ́n já yẹtí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn sí èjìká rẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, gbà mí!"

Abọ́sẹ̀dé ṣì wà lórí pèpéle. Àwọn èèyàn ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu lákòókò yẹn. Bó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́. Ó ká apá mọ́yà, ó ń wò wọ́n, títí àwọn ọlọ́pàá fi dé pẹ̀lú kóńdó.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò parí tí wọ́n fi ha àwòrán náà kúrò lára ògiri. Àmọ́ Lánàá kò kúrò lára Abọ́sẹ̀dé. Ní Mushin, àwọn kan ń fi pè é, àwọn kan sì ń fi bú u, wọ́n ní òun ló fi obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọjà pa jẹ. Àǹtí Mabel ránṣẹ́ pé kó má ṣe yọjú mọ́. Kò sí aránṣọ mìíràn ní Surulere tàbí Yaba tó gbà á. Wọ́n ní ẹni tó lè da ọjà rú, ta ló fẹ́ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù? Ó bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà, ó ń ká aṣọ ibùsùn fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀.

Níkẹyìn, aránṣọ kan láti Ìbàdàn, Àǹtí Caroline, tó gbọ́ ìtàn yẹn tó sì rẹ́rìn-ín sí i, wá a kàn pé kó wá wọ aṣọ òkè fún òun níbi àfihàn kan ní Iganmu. Nígbà tó wọ yàrá tí wọ́n ti ń múra, ó bá Fúnlọ́lá níwájú dígí. Ẹlòmíràn ló gbà á síṣẹ́. Òrùka ni wọ́n fi há etí ọ̀tún rẹ̀, nítorí kò sí ibi tí yẹtí máa gbà wọ̀ ọ́ mọ́. Etí náà ti là sí méjì nísàlẹ̀.

Wọ́n wo ara wọn nínú dígí náà.

"Ó là, àbí?" ni Fúnlọ́lá wí.

"Mo rí i."

"O lè dá wọn dúró."

"Mo lè dá wọn dúró," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Mi ò dá wọn dúró."

Fúnlọ́lá dúró bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣì ń bọ̀. Kò sí. Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ wá a nínú ikùn rẹ̀, kò rí àánú níbẹ̀, kò sì rí ayọ̀. Ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó gbá ìró aṣọ òkè náà mọ́ra, ó jáde lọ ṣiṣẹ́.