Olúmúyìwá, Ẹni tó Ń Ka Ìròyìn fún Màámi

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Láti ìgbà tí àbúrò mi, Olúmúyìwá Láoyè, ti kú, kò sí ibi tí mo dé tí wọn kì í ti í ròyìn rẹ̀ fún mi. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tí mo ń ná èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣáṣá gbọ́ orúkọ bàbá mi, ó bú sẹ́kún, ó ní ohùn ọmọkùnrin náà ló fi òun lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí ọkọ òun kú. Ó bu èlùbọ́ kún tèmi. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú máa ń bí mi. Ohùn ni gbogbo wọn mọ̀. Èmi ni mo fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n, èmi ni mo mọ̀ ọ́n ní ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tó ti di ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa irọ́ dídùn fún ìyá ẹni. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kò sí ẹni tó mẹ́nu ba irọ́ yẹn.

Abà Láoyè ni wọ́n bí wa sí, kò jìnnà púpọ̀ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Bàbá wa tètè kú, Màámi sì ń pa ẹkùrọ́ tà kí Múyì lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Áńgílíkà. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá, òun ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà tí kì í fẹ́ dìde lórí ẹní lọ́jọ́ Ìsinmi á sì tètè dé nítorí rẹ̀. Ó ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́jọ. Lọ́dún 1960, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ń wá ẹni tí yóò máa fi Yorùbá ka ìròyìn. Wọ́n dán ọ̀pọ̀ èèyàn wò, òun ni wọ́n mú.

Iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún ló sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ìyẹn ìkéde òkú. Àwọn tí èèyàn wọn kú á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, wọ́n á mú un wá sí ọ́fíìsì, àwọn akọ̀wé á sì gbà á lójú fèrèsé. Múyì kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Á ní kí wọ́n wọlé, á fún wọn ní àga, á ní, "Ẹ pe orúkọ òkú yín kí n gbọ́." Wọ́n á pè é, òun náà á pè é tẹ̀ lé wọn, á máa fi pẹ́ńsùlù pupa fàmì sí i lórí ìwé títí tirẹ̀ yóò fi bá tiwọn mu. Ó ní ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí gbogbo ayé máa gbọ́ orúkọ ẹni yẹn, kò yẹ ká ṣì í pè. Àwọn àgbẹ̀ láti Akanran àti Lágelú á kọjá lára gbogbo akọ̀wé, wọ́n á máa bèèrè ọmọ Láoyè. Mo fi ojú ara mi rí i níjọ́ kan tó jókòó ti bàbá arúgbó kan tí ẹkún kò jẹ́ kó lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kò kán an lójú. Ó dúró títí bàbá náà fi pè é.

Ọkọ mi, Josiah, ń ṣe akọ̀wé ní oko ìwádìí ìjọba tó wà nítòsí abà wa. Ẹ̀rọ amúnáwá wà níbẹ̀, tẹlifíṣàn kan sì wà nínú gbọ̀ngán tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣe fàájì, tí à ń pè ní kílọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú Màámi lọ síbẹ̀, wọ́n wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n ró sányán. Mo ní, "Màámi, ìròyìn lásán la fẹ́ lọ gbọ́." Wọ́n ní ṣé inú àkísà ni kí ọmọ àwọn ti wá bá àwọn ni. Nígbà tí aago méje lù, tí Múyì yọ, tó ní, "Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko," Màámi fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn ketekete.

"O kú alẹ́ o, Àjàní. O kú iṣẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Àwọn akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì mí. Nígbà tí Múyì wá kí wa lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sọ fún un, mo ní kó ṣàlàyé fún Màámi pé ẹni tó wà nínú àpótí yẹn kì í rí ẹni tó wà níta. Ó gbọ́. Ó lọ jókòó ti Màámi, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní, "Màámi, mo rí yín o. Sányán yẹn mà yẹ yín." Inú Màámi dùn débi pé wọ́n dìde jó. Bẹ́ẹ̀, ẹnu èmi ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa sányán.

Ọjọ́ náà ni mo di amí rẹ̀. Lọ́sàn-án, á tẹ tẹlifóònù ọ́fíìsì Josiah, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí wá, á bi mí léèrè aṣọ tí Màámi wọ̀ lálẹ́ àná àti ẹni tó jókòó tì wọ́n. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á kà á fún wọn bí ẹni ń ka ìròyìn. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri lápá òsì ni àga wọn máa ń wà, nítorí náà, tó bá kí gbogbo ayé tán, á mi orí díẹ̀ sápá òsì. Ta ni yóò tún wá sọ fún Màámi pé ọmọ wọn kò rí wọn? Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá a rẹ́rìn-ín sí i, n kò sì lè dá òun nìkan lẹ́bi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dájà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Múyì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò tíì gbéyàwó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ìparí ọdún 1964, ó mú aṣọ àrán wá fún Màámi. Wọ́n jù ú padà sí i láyà.

"Ṣé àrán ni màá gbé pọ̀n? Ojoojúmọ́ lò ń ka orúkọ òkú ọlọ́mọ. Ta ló máa bí èyí tó máa kéde tìrẹ? Máa lọ. Má fojú kàn mí mọ́ títí o ó fi mú ìyàwó wá!"

Múyì rẹ́rìn-ín, ó gbé àrán náà lé orí àga, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, Màámi kò yọjú sí kílọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kó máa wo àga òfìfo kó fi kọ́gbọ́n. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Múyì pè mí lórí tẹlifóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Màámi wá lánàá?" Mo ní wọn kò wá. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ìbínú ìyá kì í pẹ́. Kò tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu, tí bíréèkì rẹ̀ já, fi gbá a lójú ọ̀nà Ìwó. Wọn kò gbé e dé ilé ìwòsàn kó tó kú.

Ọmọ ní í sin ìyá. Òkú ọ̀fọ̀ kì í wọlé tọ ìyá rẹ̀, ìyá kì í sì í fojú kan sàréè ọmọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sin Múyì sí ìtẹ́ òkú ìjọ ní Ìbàdàn. Èrò tó wá kò lóǹkà. N kò lè sunkún bó ṣe ń ṣe mí, nítorí Màámi kò tíì gbọ́, ojú mi kò sì gbọdọ̀ wú délé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Yésúfù, àbúrò bàbá wa, tí gbogbo ẹbí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kó wa jọ.

"Ìyá Múyì kò gbọdọ̀ gbọ́," ni wọ́n wí. "Ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e. Ẹni tó bá sọ fún un, òun ló pa á."

Wọ́n ní ká sọ pé ìjọba gbé Múyì lọ sí ìlú òyìnbó ní kánmọ́kánmọ́ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́. Màámi gbọ́ ọ, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Kò ráyè dágbére fún mi?"

"Kò ráyè, Màámi."

"Ó bínú ni," ni Màámi wí.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ ní aago méje alẹ́. Mo lọ sí kílọ́ọ̀bù, nítorí mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. A tó ogójì níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ronú kan Màámi, nítorí wọn kì í wá mọ́. Ṣùgbọ́n Mùjíbátù, ìyàwó awakọ̀ oko ìwádìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ti lọ ra epo lábà wa lọ́sàn-án. Ó gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ pé gbogbo èèyàn ń lọ wo Múyì Láoyè nínú tẹlifíṣàn, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rere ló fi sọ fún ìyá arúgbó náà pé ọmọ wọn máa yọ lálẹ́.

Bí àwòrán Múyì ṣe yọ báyìí ni Màámi ń wọlé. Wọ́n ró aṣọ àrán yẹn. Gbogbo èèyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Màámi rò pé a ń yẹ́ wọn sí ni, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Fọ́tò ni ilé iṣẹ́ náà gbé síbẹ̀, èyí tí mo fún wọn. Múyì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tí a kò rí ń fi èdè òyìnbó yìn ín, Màámi kò sì gbọ́ òyìnbó rárá.

"Àjàní, o kú alẹ́ o."

Fọ́tò náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìlú òyìnbó kò tutù jù? Àjàní, èmi ìyá rẹ ni mò ń kí ọ."

Ọkùnrin náà ń sọ òyìnbó rẹ̀ lọ. Màámi yíjú wò wá bóyá ẹnì kan á ràn wọ́n lọ́wọ́. Josiah tẹ orí ba. Èmi ki etí gèlè mi bọ ẹnu, mo gé e jẹ. Màámi wá dìde, wọ́n rìn dé iwájú tẹlifíṣàn, wọ́n sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì fún ọmọ tí wọ́n bí.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, ẹnu lásán ni. O kò gbọdọ̀ torí ìyàwó kọ̀ mí. Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́, Àjàní, dá mi lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ títí fọ́tò náà fi lọ, tí ọmọbìnrin kan sì bọ́ síbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Mo lọ gbé Màámi dìde. Wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. "Kò dá mi lóhùn," ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ títí a fi délé.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti ń sá fún wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ, gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Mo lọ bẹ Bàbá Yésúfù pé ká sọ òótọ́. Wọ́n ní ṣé mo ti ń wá ẹni tí màá pa ni. Ẹ̀rù bà mí, mo padà sílé. Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Màámi níbi tí wọ́n jókòó sí ti òkúta tí wọ́n fi ń pa ẹkùrọ́. Wọ́n ní àwọn ti rántí. Nígbà tí Múyì wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, àwọn fi pàṣán nà án nítorí ìkòkò tó fọ́, tó sì jẹ́ pé ewúrẹ́ ló fọ́ ọ. Bóyá ìyẹn ló ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo wò wọ́n. Ìyá tó fi ẹkùrọ́ tọ́ ọmọ, tó wá ń padà sẹ́yìn ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n láti ṣa ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ jọ. N kò lè fara dà á mọ́.

"Màámi, Àjàní kò bínú sí yín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sí mọ́, Màámi. Ọkọ̀ ló gbá a. Ó ti kú."

Mo na ọwọ́ méjèèjì kí n lè gbá wọn mú bí wọ́n bá ṣubú. Wọn kò ṣubú.

"Kò bínú sí mi?"

"Kò bínú."

Màámi mí kanlẹ̀. "Olúwa, mo dúpẹ́," ni wọ́n wí. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn, wọn kò sì nù ún. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí ní ọjọ́ tó kú. Mo sọ fún wọn. Mo rí i pé wọ́n ń fi ìka ka ọjọ́.

"Nígbà tí mo kúnlẹ̀ yẹn, ó ti kú?"

"Ó ti kú, Màámi."

"Josiah mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dìde fún mi?"

"Gbogbo wa la mọ̀, yàtọ̀ sí Mùjíbátù."

Màámi gbójú sókè, wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn kò rí rí. "Ẹ sì ń wò mí," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa bẹ òkú."

Màámi kò kú gẹ́gẹ́ bí Bàbá Yésúfù ṣe wí, wọ́n tún lo ọdún mẹ́ta láyé. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí mo bá sọ fún wọn, ì báà ṣe pé òjò rọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n á rọra bi ẹlòmíràn léèrè bóyá òótọ́ ni.