Dòdò Tí Ààrẹ Jẹ

Bí ààrẹ kan bá sún ìbò síwájú ní agbègbè wa yìí, ohun tí àwọn ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ kò ṣòroó mọ̀. Wọ́n á ní ọkàn àwọn kò balẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Wọ́n á wá rán ikọ̀ lọ bá a, ikọ̀ á wọ agbádá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì ní ìpàdé náà so èso rere. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kan ní Àpòmù, nítorí náà mo mọ orúkọ tí ìwé ń pe gbogbo eléyìí. Ìwé ń pè é ní ìlàjà. Ohun tí èmi ń pè é nínú ilé wa kò ṣe é kọ síbí.

Ìkirè ni ilé wa wà. Dòdò ni màmá mi ń dín, dòdò Ìkirè tí àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ máa ń nawọ́ rà lójú fèrèsé. Àwa méjì péré ló yè nínú àwọn ọmọ tó bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Àbúrò mi yìí bá ọkọ rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé, wọ́n ń ta irun àti ìpara níbẹ̀. N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà; ààrẹ wọn kò tó ẹni tí mo lè torí rẹ̀ máa bá ènìyàn jiyàn. Àbúrò mi wá ọmọ títí, kò rí. Ìgbà tó wá lóyún, ọkọ rẹ̀ ṣàìsàn, ó kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò gbọ́dọ̀ bímọ síbi tí kò bá ti sí dókítà. Ó pè wá, ó ní òun ń bọ̀ wálé wá bí i. Màmá mi ra ẹní tuntun, ó tún yàrá rẹ̀ ṣe, ó lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà kan sọ̀rọ̀ ní ọsibítù. Kò sí ohun mìíràn tí à ń dúró dè nínú ilé wa lọ́dún yẹn ju ọmọ yẹn lọ.

Àbúrò mi ń di ẹrù lọ́wọ́ ni ààrẹ wọn bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ìbò tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún kò ní lè wáyé lásìkò mọ́, ó ní orúkọ àwọn olùdìbò kò mọ́. Orúkọ kan náà tó gbé e wọlé lẹ́ẹ̀mejì ló wá dọ̀tí nígbà ẹ̀kẹta. Àwọn ọ̀dọ́ dáná sójú títì, ṣọ́jà jáde, ọsibítù tó wà nítòsí àbúrò mi ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ààrẹ agbègbè wa bá pé jọ, wọ́n ní àwọn máa fìyà jẹ ẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ti ẹnubodè. Ẹ bá mi wo irú ọgbọ́n orí yẹn. Ààrẹ kì í wọ mọ́tò kọjá lẹ́nubodè, bàálù ló ń wọ̀. Ìrẹsì kò lè wọ́n lójú rẹ̀ láé. Àbúrò mi àti àwọn bíi tirẹ̀ ni wọ́n há mọ́, torí ẹni tó jókòó nínú ilé ìjọba tó ń jẹ ẹran. Wọn kò sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí nínú àwọn tó ń bínú yẹn náà la ti rí àwọn tó yí òfin ilẹ̀ wọn po kí wọ́n lè pẹ́ lórí àga. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe.

Awakọ̀ kan wà, ọmọ Wásinmi, tó máa ń ná ọ̀nà ibẹ̀. Ó wá bá màmá mi, ó ní òun mọ àwọn tó lè gba inú igbó mú àbúrò mi jáde, ṣùgbọ́n kí ó tètè ṣe é kí oyún náà tó wúwo jù. A ti fẹ́ gbà fún un. Àfi bí ìròyìn ṣe kàn láti Àpòmù pé wọ́n ti yan ọmọ bíbí ìlú wọn mọ́ ikọ̀ tó ń lọ bá ààrẹ náà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí ti ṣojú ìjọba wa lókè òkun títí ó fi fẹ̀yìn tì, Aṣojú náà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn ará ìlú ta bánà sójú títì pé ọmọ àwọn ń lọ tún ayé ṣe. Abẹ́ bánà yẹn ni ọ̀kadà ń gbé mi gbà lọ sílé ìwé láràárọ̀, kòtò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì rí ẹni tún un ṣe.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń lọ la fi ń ránṣẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ò ń lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á gbé iṣu fún ọ kí o bá àwọn gbé e fún ọmọ. Awakọ̀ á gba ọmọ kékeré lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Gbọ̀ngán, á fà á lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nílùú mìíràn, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù. Màmá mi kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín awakọ̀ àti Aṣojú. Lójú tirẹ̀, bàálù tó gbé ọkùnrin náà lọ máa ní àyè kan nígbà tó bá ń bọ̀, ó parí. Mo ní ọ̀rọ̀ ìjọba kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé tí mo kà ti ń pọ̀ jù.

Ó ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá, ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó fi epo pupa dín in, ó ṣù ú, ó sì fi ewé wé e bí wọ́n ṣe ń wé e látijọ́, torí àbúrò mi kì í fẹ́ ti inú ọ̀rá. Èmi àti òun la jọ gbé e lọ sí Àpòmù. Aṣojú wà lórí àga níwájú ilé, àwọn èèyàn ń wá kí i kú oríire.

"Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, Bàbá," màmá mi wí. "Ọmọ mi ń bẹ níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ yìí. Ó lóyún, ara ẹ̀ ò sì le. Dòdò ẹ̀ rèé, ẹ bá n gbé e fún un. Tẹ́ ẹ bá wá ń bọ̀, ẹ dákun, ẹ bá n mú un dání."

"Ṣé ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀ lọ́wọ́?"

Mo kà á fún un, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ọmọ yín, ọmọ tiwa náà ni."

"Awakọ̀ kan ló ní òun lè gba inú igbó mú un wá," ni mo wí. "Ṣé kó má tẹ̀ lé wọn?"

"Inú igbó kẹ̀? Rárá o. Ẹ ní kó dúró síbi tó wà. Màá ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ìjọba lọ gbé e, a jọ máa wọ bàálù bọ̀ ni."

Màmá mi kúnlẹ̀ fún un, fún ọkùnrin tó jẹ́ pé bóyá ni ó fi ọdún kan jù ú lọ. Aṣojú kò ní kó dìde. Nígbà tí a délé, màmá mi pe awakọ̀ ọmọ Wásinmi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Èmi pe àbúrò mi, mo ní kó dúró de Aṣojú.

Ikọ̀ lọ. Àbúrò mi ta ìyókù ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ó di ẹrù, ó wọṣọ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó pè mí láàárọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, wọn ò tíì pè mí o." Ó tún pè lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí ikọ̀ náà nínú ìròyìn, àwọn àti ààrẹ lórí àga olówó iyebíye, wọ́n fi àsíá sẹ́yìn. Àwo kan wà lórí tábìlì láàárín wọn. Mo mọ ewé yẹn. Ààrẹ ti mú ọ̀kan, ó ti gé e jẹ, Aṣojú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé n kò lè kẹ́gàn ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí mo rí ìwà àwọn ará ilé. Fọ́tò náà kò pẹ́ kó tó dé orí Wásáàpù. Àwọn ará Ìkirè ní dòdò àwọn ti dé ilé ìjọba òkèèrè. Àwọn ará Àpòmù ní ta ló gbé e débẹ̀? Ni wọ́n bá gbé ìjà kalẹ̀. Àwọn tó ń gbé Èkó dá sí i, lọ́yà kan kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ nípa ìlú tó ni dòdò, ẹnì kan láti Ìkòyí tiwa níbí, kì í ṣe ti Èkó, ní ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó béèrè bóyá wọ́n máa wá dìbò náà tàbí wọn ò ní dì í. Àwọn onídòdò ẹlẹgbẹ́ màmá mi wá jó níwájú ilé wa. Ó dá wọn lóhùn tẹ̀rín tẹ̀rín, ó wọlé wá bá mi.

"Ìwọ, ṣé wọ́n á ti fún àbúrò ẹ nínú ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀ fún ẹni yẹn?"

Mo ní bóyá.

Ìpàdé so èso rere. Wọ́n fún ààrẹ náà ní àyè sí i kó lè fọ orúkọ àwọn olùdìbò mọ́. Mo pe Aṣojú títí. Nígbà tí wọ́n máa gbé e, akọ̀wé rẹ̀ ni, ó ní ọ̀gá wà nínú ìpàdé. Fọ́tò tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn, inú bàálù ni, wọ́n ti ń bọ̀ wálé. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aṣojú ṣófo. Agbádá rẹ̀ ló tẹ́ sórí rẹ̀ kó má bàa rún.

Àbúrò mi dúró díẹ̀ sí i, torí ó rò pé bóyá wọ́n ń padà bọ̀ wá gbé òun. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́ ló tó gba inú igbó. Àwọn onífàyàwọ́ ló gbé e, àwọn tí ìjọba ń pè ní ọ̀daràn. Wọ́n rọra ń wa ọ̀kadà, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti le, wọ́n ń wá omi fún un. Ohun tí àwọn ààrẹ kò lè fi bàálù ṣe, àwọn yẹn fẹ́ fi ọ̀kadà ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Gìrì gbé e lọ́nà, wọ́n gbé e wọ ahéré kan, àwọn obìnrin abúlé tí àbúrò mi kò gbọ́ èdè wọn ló gbẹ̀bí rẹ̀. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Kò ké. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí kí àbúrò mi tó mọ ibi tí òun wà.

Awakọ̀ ọmọ Wásinmi tí a ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun ló lọ gbé e wá láti ẹnubodè. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Nígbà tí àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wa, omi ọmú ti rin bùbá rẹ̀ gbingbin. Màmá mi fi ìró tirẹ̀ bò ó, ó mú un wọ yàrá tó ti tún ṣe fún òun àti ọmọ. Inú bí mi débi pé n kò rí ẹkún sun.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Aṣojú, ó wá kí wa. Ó mú èèyàn méjì lẹ́yìn, ọ̀kan gbé kámẹ́rà dání. Mo ní kí èyí jókòó sínú mọ́tò. Màmá mi gbé omi fún àlejò, torí kò sẹ́ni tó ń wọ ilé wa tí a kì í fún lómi. Aṣojú ní ó dun àwọn gan-an ni. Ó ní ọkàn gbogbo ikọ̀ náà gbọgbẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ jẹ àwọn lógún. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Àbúrò mi jókòó sórí ẹní. Ó gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ti wá dìbò ọ̀hún?"

Mo rí i pé ara tu Aṣojú nígbà tó gbọ́ ìbéèrè tó mọ̀. "Wọn ò tíì dì í o. Wọ́n tún sún un síwájú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa, a tún ń padà lọ. Kódà, Màmá, Ààrẹ ṣì ń béèrè dòdò yín lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró," àbúrò mi wí. "Mo dúró. Oyún ni ò lè dúró."

Aṣojú mi orí. Ó ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó ní àwọn máa fi kún àbọ̀ tí àwọn fẹ́ jẹ́ fún àwọn ààrẹ.

Màmá mi dìde. Ó gbé ife omi tó wà níwájú Aṣojú, tí ọkùnrin náà kò tíì fẹnu kàn, ó gbé e padà sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì jáde sí wọn mọ́ títí wọ́n fi lọ.