Èpè Tí Mọ́mì Ṣẹ́ fún Akọrin Ará Amẹ́ríkà

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Mọ́mì lọ sí Mẹ́kà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì kiri Peckham, àdúgbò wa nílùú òyìnbó. Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ẹni tó ń lọ sí Hájì kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọlàkejì dání. Wọ́n gòkè lọ bá obìnrin ará Jàmáíkà tó ń gbé ní àjà òkè tiwa, tí wọ́n ti ń bá jà nítorí ariwo bàtà láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n lọ bá ọ̀gá wọn àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n tún dúró ní ibùdókọ̀ fún àárọ̀ méjì, wọ́n ń wá awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n bú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó dé, kò tiẹ̀ rántí wọn. Ó ní, "Kò sí wàhálà, ìyá." Mọ́mì ní ìyẹn kọ́ ni àforíjì, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì ló jókòó títí ọkùnrin náà fi sọ ọ́.

Èmi náà jókòó sílé, mo ń retí kó kàn mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí Mọ́mì rí síídì kan lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Akọrin ráàpù ará Amẹ́ríkà kan ló wà lára páálí rẹ̀, kò wọ ẹ̀wù, eyín rẹ̀ jẹ́ wúrà, ó sì di ajá kan mú. Mọ́mì fi orúnkún ṣẹ́ síídì náà sí méjì, wọ́n sì gbẹ́nu lé ẹni tó kọ ọ́: "Ọmọ tí ò nítìjú. Kò sí ọmọ tó máa pe ìwọ ní bàbá láéláé." Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí náà pẹ̀lú síídì, ìwé tí mo fi odindi ọdún kan kọ orin tèmi sí. Mọ́mì gbé e jáde, wọ́n sì sọ ọ́ sínú ihò pàǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Àjà kẹrin la wà. Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ títí tó fi balẹ̀. N kò kọ orin mọ́ láti ọjọ́ náà.

Dípò orin, mo lọ sí yunifásítì ní New Cross, mo sì kọ ìwé àṣekágbá mi lórí akọrin yìí kan náà. Mo fi ojú ìwé ọgọ́ta ṣàlàyé ohun tó ti fi ìlà mẹ́rin sọ. Olùkọ́ mi, tí bàbá rẹ̀ ń sin ẹṣin lábúlé, ní ohùn ìgboro gan-an lòun ń gbọ́ lẹ́nu mi. Ìgboro tí mo mọ̀ kò ju ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ọ̀nà ilé ìkàwé lọ, ṣùgbọ́n n kò já a níyàn, nítorí máàkì ló fẹ́ fún mi.

Akọrin náà alára ò dúró de ìwé mi. Nígbà tí orin rẹ̀ ò tà mọ́, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n yìnbọn pa á kí ìpolówó ọjà tó dé. Nínú èkejì, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní awò ojú àti ẹ̀wù onírun àgùntàn, ó di bàbá tí ìyàwó rẹ̀ kú tó sì ń dá tọ́ ọmọbìnrin mẹ́rin. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe eré yìí. Bí Mọ́mì bá ti kírun Àlàásárì tán, wọ́n á jókòó tì í. "Bàbá àwọn ọmọ" ni wọ́n ń pè é. Lọ́sẹ̀ tí ìyàwó yẹn kú, wọ́n ṣe àdúà fún un. Mo mọ ẹni tó jẹ́, n kò sọ. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú lọ́hùn-ún, ó sì dà bí ẹ̀san díẹ̀.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá ọkùnrin náà lẹ́nu wò lẹ́yìn eré, tí wọ́n sì gbé àwòrán páálí síídì àtijọ́ yẹn síta. Mọ́mì gbé ife tíì wọn kalẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ọmọ alájá yẹn nìyí?"

"Òun ni, Mọ́mì."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O wá ń wò mí tí mò ń ṣàdúà fún un."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Wọ́n ní, "Mo ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ."

"Èpè yẹn ò jà. Ọmọ mẹ́rin ló ń pè é ní Dádì."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá ó jà?"

Wọ́n pe Àáfà lórí fóònù. Àáfà ní tí ẹni náà bá jìnnà, kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí wọ́n sì ṣe àdúà rere fún un, ó ti tó. Mọ́mì dúpẹ́, wọ́n pa fóònù, wọ́n ní ọmọdé ni Àáfà yẹn. "Gbé kọ̀ǹpútà ẹ wá. Ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ gboyè. Bá mi kọ lẹ́tà sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni ń kọ̀wé sí káńsù. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ìyẹn ti le jù. Kí i ná. Béèrè àwọn ọmọ."

"Mọ́mì, àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe òun ló ń tọ́ wọn ni?"

Mo béèrè àwọn ọmọ. Mọ́mì ń ká àwọn jálàbíà funfun wọn sínú àpótí, wọ́n ń sọ, mò ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí ò nítìjú ti di "ẹ̀yin". "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo sọ̀rọ̀ sí yín láìmọ̀ yín." Lẹ́yìn náà ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ kan.

"Kọ ọ́ pé ọmọ mi ló ni síídì yẹn. Ìwé kan wà pẹ̀lú ẹ̀ tí ọmọ náà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, mo jù ú nù. N ò kà á. Ẹ̀rù ló bà mí. Láti ọjọ́ yẹn n ò tún gbọ́ kó kọrin nínú ilé mọ́, kódà ní balùwẹ̀. Kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ mọyì irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Wọn ò wo ojú mi. Mo tẹ̀ ẹ́ débi tí mo lè tẹ̀ ẹ́ dé.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Ṣé ọmọ yẹn máa gbà?"

"Ó ti gbà, Mọ́mì. Ó ti pẹ́." Irọ́ ni. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà.

"Kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Mo gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí itan. "Mo forí jì yín, Mọ́mì. Tọkàntọkàn."

Wọ́n ní, "Àmín." Wọ́n ká aṣọ náà tán, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí, wọ́n sì ní kí n má gbàgbé láti bá àwọn kí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá èyí tó kéré jù nínú wọn, tí kì í fẹ́ jẹun.