Àmínátù, Ẹni Tó Gún Iyán Tí Kò Jẹ

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ ẹ́.”

Ohun tí Àmínátù ìyàwó mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Mo ń ránṣọ lọ ní tèmi. Mi ò gbójú sókè.

Iyán ló ń wí.

Ọmọ Ìgbájọ ni. Ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Ìlá. Ibi tí mo ti ń ra òwú la ti mọra. Bí mo bá ná an jù, á ní, “Télọ̀, ṣé kí n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí n tún gbé yín délé ni?” Mo fẹ́ ẹ lọ́dún 1982. Télọ̀ náà ló sì ń pè mí.

Ọdún méjì kọjá, kò lóyún. Nǹkan oṣù rẹ̀ á lọ oṣù mẹ́ta, á lọ mẹ́rin, kò ní wá. Ó ń sanra sí ikùn. Irun hù lágbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi bíléèdì fá a kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìyá mi rí i. Ó ní, “Ìyàwó, bí o bá fá tìrẹ tán, fún ọkọ rẹ ní bíléèdì náà, kí òun náà fá tirẹ̀.” Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Àmínátù náà rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo mú un lọ sí ọsibítù kan ní Iléṣà. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a tún padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní ilé ẹyin rẹ̀ kún fún ẹyin kéékèèké tí kì í gbó, tí kì í sì yọ bó ṣe yẹ. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ aráyé, kò sì túmọ̀ sí pé àgàn ni. Ó bi í pé kí ló ń jẹ.

Àmínátù ní, “Ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀. Ẹ̀bà lọ́sàn-án. Iyán lálẹ́.”

“Iyán lójoojúmọ́?”

“Ìlá la wà, mà.”

Dókítà ní kí ó dín iyán àti ẹ̀bà kù gan-an, kí ó má mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́, kí ó fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja kún oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa rìn. Kò ṣèlérí. Ó ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, kì í ran ẹlòmíràn.

Nínú ọkọ̀, Àmínátù ní òun ò ní dín iyán kù, òun máa fi í sílẹ̀ pátápátá ni, torí òun mọ ara òun. Ó tún ní, “Ẹ má sọ nílé o. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹyin mi ò gbó, kí oṣù yìí tó parí ni wọ́n máa mú ìyàwó kejì wá.” Mo ní mi ò ní sọ.

Ó ra ìkòkò kékeré tirẹ̀. Ẹ̀wà, tẹ̀tẹ̀, ẹja gbígbẹ. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sọ́jà. Òun náà ló ṣì ń gún iyán gbogbo ilé lálẹ́, torí òun ni ìyàwó tó kéré jù. Á bù fún Bàbá Sàlámì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé. Á bù fún ìyá mi, á bù fún mi. Á fọ odó. Á wá lọ jókòó ti ìkòkò rẹ̀.

Ikùn rẹ̀ ń dín kù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba bùbá rẹ̀ sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóṣù karùn-ún, nǹkan oṣù rẹ̀ wá. Ó wá lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó tún wá. “Télọ̀,” ló wí, “ó ti mọ̀nà ilé.”

Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá se oúnjẹ tí kò jẹ níbẹ̀, ojú mìíràn la fi ń wò ó. Inú run Bàbá Sàlámì fún ọjọ́ méjì. Ó ti jẹ ẹran díndín ní gárééjì, kò sẹ́ni tó bi í. Ìyá mi ní, “Ó ń gún un, kì í jẹ ẹ́. Kí ló wà níbẹ̀?”

Wọ́n pè wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Abọ́ iyán wà nílẹ̀.

Bàbá Sàlámì ní, “Ìyàwó, a ò bá ọ jà. Ìwọ lo gún un. Jẹ ẹ́.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ló ní—”

Ìyá mi ní, “Dókítà wo? Iyán tí mo fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà ló wá di májèlé?”

Àmínátù wò mí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ti ṣèlérí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí ti dá mi sílẹ̀ nínú ìlérí yẹn. Ojú ló ń tì mí. Mo ní, “Jẹ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ parí.”

Ó jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ò parí. Ìyá mi ní bóyá ó ti lo ẹ̀rọ̀ májèlé kó tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, Àmínátù ló gbọ́dọ̀ jẹ òkèlè àkọ́kọ́ ní alaalẹ́, kò sì gbọdọ̀ dìde títí tí abọ́ rẹ̀ á fi mọ́. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń bù ú, ó sì ń bù ú ràbàtà. Ó tó oṣù mẹ́ta. Mo tún tú ẹ̀gbẹ́ bùbá rẹ̀ kó lè gbà á. Nǹkan oṣù dúró. Kò pè mí ní Télọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́rú kan ó di ẹrù. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìgbájọ, níbi tí òun ti lè gbé ìkòkò òun kaná láìsí ẹjọ́. Mo ní, “Wọ́n á ní o sá kúrò nílé ọkọ.” Ìgbà náà ló sọ ohun tó sọ.

Bíréèkì ọkọ̀ tó wọ̀ já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kó tó dé Ìgbájọ. Èèyàn mẹ́ta ló kú, Àmínátù wà lára wọn. Nígbà tí mo dé Ìgbájọ, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán. Ìyá rẹ̀ bi mí pé, “Kí ni ọmọ mi ń bọ̀ wá ṣe?”

Mo ní, “Oúnjẹ ló ń bọ̀ wá jẹ, mà.”

Ó kẹ̀yìn sí mi.

Ní Ìlá, ìyá mi ń sọ fún àwọn tó wá kí wa pé, “Ẹni tó bá sá fún oúnjẹ ilé ọkọ, ọ̀nà ni yóò jẹ ẹ́.” Mo gbọ́ ọ. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi gbé iyán wá fún mi. “Mùstàfá, jẹun. O ti rù.”

Mo tì í padà síwájú rẹ̀. “Ẹ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.”

“Èmi? Èmi tí mo bí ọ?”

“Ẹ jẹ ẹ́ tán, mà. Mò ń wò yín.”

Kò fọwọ́ kàn án. Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún un: ohun tí dókítà sọ, ẹyin, irun, oṣù mẹ́ta tí nǹkan rẹ̀ fi wá létòlétò. Ó ní, “Kí ló dé tí o ò sọ lọ́jọ́ yẹn?”

Mo kórìíra rẹ̀ nítorí ìbéèrè yẹn ju nítorí gbogbo ìyókù lọ. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Mi ò jẹ oúnjẹ ilé yẹn mọ́. Mo ń kí Bàbá Sàlámì, torí àgbà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi ti dọ̀tí. Àmínátù ló máa ń fọ̀ wọ́n. Mo gbé bàsíà lọ sẹ́yìnkùlé, mo pọn omi, mo rẹ méjì. Kọ́là wọn dúdú. Mo fi ọṣẹ pa á, mo jókòó sórí òkúta, mo ń fọ̀ ọ́.