Èènì Tí Ùmmùkùlsúmì Gbà ní Lomé

"Màmá, èwo wá ni èènì nínú oorun?"

Ìbéèrè tí Séverin, ọkùnrin tó ni ilé àlejò kan ní Lomé, bi olóògbé Ùmmùkùlsúmì nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀ fún vákáǹsì, ìyẹn ìsinmi. Màrúfátù, ọmọ Màmá, ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọjọ́ mẹ́ta tán ni, Màmá sì ní kí wọ́n fi èènì sí i; ojú ń ti Màrúfátù débi pé ó ń ka ìwé ara ògiri. Màmá tú àpò gàrí tó gbé wá láti Sakété, ó yọ tóńgólò, agolo tí wọ́n fi ń wọn gàrí, ó bu gàrí kún un, ó fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e.

"Èyí tí mo gé dọ́gba yẹn ni wọ́n ń rà. Èyí tí mo bù lé e yìí ni èènì. Ọmọ mi ti ra ọjọ́ mẹ́ta. Ó ku ẹ̀kúnwọ́ tìrẹ."

Gùn ni Màmá ń sọ, Mínà ni Séverin fi ń dáhùn, Faransé Màrúfátù ló ń là wọ́n láàárín. Nígbà tí àlejò mẹ́rin tò sẹ́yìn wọn, tí Màmá sì ti jókòó sórí àpò gàrí níwájú tábìlì bí ẹni tó máa sùn síbẹ̀, Séverin gbà: ọjọ́ kẹrin di ọ̀fẹ́. Àlejò tó tẹ̀ lé wọn nawọ́ sókè, ó ní òun náà fẹ́ èènì.

Láti ẹnubodè ló ti yẹ kí Màrúfátù mọ̀ pé Màmá kò ní gbà láti sinmi. Ọ̀gá dùánì, aṣọ́bodè tó ń yẹ ẹrù wò, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Tógò.

"Ìsinmi ni," Màrúfátù dáhùn.

"Àpò gàrí yìí ńkọ́?"

Màmá wò ó tìyanutìyanu. "Ó ti rẹ òun náà, ọ̀gá."

Fáàrí kọ́ ni Màrúfátù ń fi ìrìn àjò náà ṣe. Ní Pobè, níbi tó ti jẹ́ olùkọ́, dókítà kan ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, ó sì mi orí. "Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi, bí ẹ bá ṣì fẹ́ wọn." Ogójì ọdún ni Màmá ti ń ta gàrí lọ́jà Sakété. Ọjọ́ Iléyá nìkan ló ń sinmi, ìyẹn náà, bí wọ́n bá ti kírun tán, á ní òun kàn fẹ́ lọ wò ó bóyá ìsọ̀ òun ṣì wà níbẹ̀. Ọdún méjì ni Màrúfátù fi tọ́jú owó. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ rà: kí ìyá òun jókòó sójú kan kó má tajà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí etí òkun. Màrúfátù tẹ́ ẹní, ó ra àgbọn fún Màmá lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Huguette, ó ní òun fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ kan omi díẹ̀. Nígbà tó padà, Huguette ló wà lórí ẹní tó ń mu omi àgbọn. Màmá ló wà nídìí igbá, tó ń pe àwọn òyìnbó.

"Màmá! Ìsinmi la bá wá o!"

"Ìdúró lo bá mi ni? Ọmọ yìí kò mọ ọjà tà. Bí mo bá jókòó tí mò ń wò ó, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀jẹ̀ mi máa ru."

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá tún lọ sídìí igbá. Àgbọn tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Màrúfátù jókòó sínú iyanrìn, ó sunkún díẹ̀, Huguette sì ń fi etí ìró nù ún lójú.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ èènì, Màmá na ara rẹ̀ sórí ẹní. Huguette dé, ó pè é, ó ní oníbàárà ti pọ̀. Màmá mi orí.

"Màmá, kí ló ń ṣe yín?" Ẹ̀rù ti ba Màrúfátù.

"Kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìwọ lo fowó rà wọ́n. Mi ò lè jókòó kówó ọmọ mi máa ṣòfò. Tòní, a ò ra òun."

Ó gbé orí lé itan ọmọ rẹ̀, ó sì sùn títí oòrùn fi yí. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá. Ẹsẹ̀ Màrúfátù kú, kò mira.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Huguette kó àgbọn mẹ́wàá sílẹ̀, owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Màmá kọ̀ ọ́. "Mi ò gbé àgbọn kọjá dùánì. Wá san án fún mi ní Sakété. Ìwọ náà ò kúrò nídìí igbá yìí rí."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Màmá lọ, wọ́ọ́rọ́, lójú oorun. Màrúfátù tẹ Huguette láago. Lọ́jọ́ àdúrà ogójì, ọ̀kadà zémì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá ní Sakété, Huguette sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò kan. "Gbèsè ni mo wá san."

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Wọ́n fún un ní yàrá Màmá, wọ́n ń bọ́ ọ, ó ń sùn di ọ̀sán, ó ń ṣe bí Màmá ṣe ń pe òyìnbó, gbogbo ilé ń fẹ̀rín gba ara wọn mú. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó ka àgbọn mẹ́wàá síwájú Màrúfátù. Màrúfátù kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gbèsè ìyá yín ni."

"Mo mọ̀. Bí o bá san án tán, kí lo máa tún wá ṣe níbí lọ́dún tó ń bọ̀?"

Huguette rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé àpò náà lé itan lórí zémì, ó sì gbé gbèsè rẹ̀ padà sí Lomé.