Bọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Màmá Tíṣà Ń Gbé Wá Lẹ́yìn Òjò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́. Èmi ti rẹ́rìn-ín títí, ó ku ẹ̀yin.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń po ọ̀dà ní Pápá Àjàó ni mo ti ń ṣe mánijà. Àwa mẹ́jọ péré ni. Ẹ̀gbọ́n Múfú ni olórí àwọn tó ń pò ó. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọn kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré. Àmọ́ wọ́n fẹ́ràn òjò ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, Ẹ̀gbọ́n á kó gbogbo dírọ́ọ̀mù tí ọ̀dà wà lára rẹ̀ sí gbangba. Wọ́n ní kí la fẹ́ máa da ara wa láàmú fún, ṣebí òjò á bá wa fọ̀ ọ́, á sì gbé e lọ.

Ká má purọ́, èmi gan-an ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ní Súrùlérè tí mo dàgbà sí, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, màmá mi á ní ká sáré lọ da ìdọ̀tí sí gọ́tà kí àgbàrá tó fà. Òjò gbé e lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ta ló máa ń bèèrè ibi tó gbé e lọ?

Màmá Tíṣà bèèrè o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, etí gọ́tà ni ilé wọn wà, nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Tí gọ́tà bá kún, inú kànga wọn ló ń ya sí. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan kalẹ̀ síwájú ọ́fíìsì mi. Ọ̀dà pupa tí a pò lánàá ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ wá mu ún," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Òjò kejì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tún dé, ó ti di yẹ́lò. Ẹ wá mu ún. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní tó bá tún yí àwọ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ni àwọn máa gbé e lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti ilé iṣẹ́ pa, àwa mẹ́jọ á sì padà sílé. Èyí tó dùn mí jù ni pé omi kànga yẹn ni gbogbo ayálégbé wọn fi ń wẹ̀.

Ni mo bá lọ bá ọ̀gá wa. A ra tapólì tí a ó fi máa bo dírọ́ọ̀mù. A fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri kúkúrú yí ibẹ̀ ká, kí ohunkóhun má ṣàn jáde. A ní inú ilé la ó ti máa fọ nǹkan, omi tí a bá fi fọ ọ̀dà pupa, ọ̀dà pupa mìíràn la ó fi pò. Gbogbo èèyàn gbà, àfi Ẹ̀gbọ́n Múfú. Wọ́n ní, "Àǹtí Mánijà, ìwé yín ti pọ̀ jù."

Òjò kẹta rọ̀ nígbà tí mo wà lórí fóònù. Kí n tó jáde, Ẹ̀gbọ́n ti yí dírọ́ọ̀mù mẹ́ta síta láti ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, omi inú rẹ̀ ti di búlúù. Mo mọ̀ pé omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Inú bí mi. Mo ní èmi ò jáde lọ bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, kí Ẹ̀gbọ́n lọ dá màmá lóhùn. Ẹ̀yìn ilé ni Ẹ̀gbọ́n máa ń wà tí màmá bá wá, àwọn méjèèjì ò tíì fojú kanra nílé iṣẹ́ wa rí.

Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe jáde, màmá tẹjú mọ́ wọn, wọ́n ti gíláàsì ojú wọn sókè.

"Múfútáù? Múfútáù ti Prámárì Fáìfù?"

Ẹ̀gbọ́n wa tí gbogbo wa ń bẹ̀rù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ìwọ lò ń da ọ̀dà sínú kànga mi?"

Ẹ̀bẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀. Màmá ní àwọn á fún un ní òjò kan ṣoṣo sí i, torí pé ó mọ ìṣirò nígbà náà. Ní Sátidé, gbogbo wa lọ gbọ́n kànga náà gbẹ. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló di okùn mú. Nígbà tí wọ́n rí bí ọ̀dà ṣe lẹ̀ mọ́ ara kànga yẹn, wọ́n ní àwọn fúnra wọn ló máa ha á kúrò.

Láti ọjọ́ náà, tí òjò bá ṣú, Ẹ̀gbọ́n ló ń pariwo pé ká bo dírọ́ọ̀mù, ká kó o wọlé.

Òjò tí à ń retí rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dá tán, màmá tún yọ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sáré lọ bá wọn. Mo wo inú rẹ̀. Omi náà mọ́ lóló, mò ń rí ìsàlẹ̀! Mo bu ú, mo fi bọ́jú níwájú gbogbo èèyàn. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ màmá.

Wọ́n fa báírò pupa yọ nínú gèlè, wọ́n mú ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì kọ máàkì sí àtẹ́lẹwọ́ wọn: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló dé tí kò pé. Màmá nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì ọ̀dà kan lẹ́nu géètì. "Ìdérí ìyẹn dà?"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ibi tí òjò ń gbé ìdọ̀tí wa lọ, ilé ẹnì kan ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni òjò ti gbé wá sílé yín rí, àbí kí lẹ ti bá òjò rán sílé ẹlòmíì? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí, a ò ní bá yín jà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ẹ̀gbọ́n Múfú ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n ń ka ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Máàkì méjì ló ṣẹ́ kù fún wọn.